Ìtọ́jú Ohun Èlò Òmùwẹ̀ Pẹ̀lú Fínígà, Àbẹ́là àti Ṣanpúù Ọmọdé

Wàhálà mẹ́ta ló máa ń bá àwa tí à ń mòòkùn láti Abẹ́òkúta fínra: máàsìkì tí kùrukùru ń bò gbàrà tá a bá wọmi, aṣọ rọ́bà tó ń rùn fún ìtọ̀, àti síìpù tó gan pa. Oògùn tí wọ́n dìídì ṣe fún wọn wà, ṣùgbọ́n inú ìgò kékeré ló ń wà, òkè òkun ló ti ń wá, owó rẹ̀ sì ń ga. Ẹni tí kò bá rí i rà á wọ ilé ìdáná, á gbé ohun tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ tó: Jik, kẹrosíìnì, òróró, fasilíìnì. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú ìgò olówó gọbọi yẹn kò ju ọṣẹ tó rọ̀, ásíìdì tí kò le, ìda àti omi tó mọ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní Kútọ̀ tàbí Ọmídá. Àmọ́ ààlà kan wà tí mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ré kọjá: ibikíbi tí atẹ́gùn tí à ń mí lábẹ́ omi bá ń gbà kọjá, a kò gbọ́dọ̀ fi ohun ilé ìdáná kan inú rẹ̀. A máa débẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Báàfù ńlá méjì àti garawa kan
- Kẹ́ẹ̀gì omi tó mọ́ bíi mélòó kan
- Ọṣẹ ìfọyín funfun tó kì. Èyí tó ń dán, tó ń yọ̀ bíi jẹ́lì, kò wúlò níbí
- Ṣanpúù ọmọdé, irú èyí tí kì í ta ojú
- Fínígà funfun. Bí kò bá sí, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ bíi mẹ́wàá, kí ẹ sẹ́ omi rẹ̀ kí ìdọ̀tí kankan má kù nínú rẹ̀
- Báákìn sódà
- Àbẹ́là funfun lásán, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn
- Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjì tó ti rọ̀
- Ìgò ìfọ́nmi kékeré
- Aṣọ funfun kan tí òwú rẹ̀ kì í já sára nǹkan
- Gíríìsì sìlíkónì. Èyí nìkan ni ẹ máa fi owó gidi rà nínú gbogbo wọn, ike kékeré kan á sì pẹ́ lọ́wọ́ yín

Ẹ ṣọ́ra gidi nípa báákìn sódà yẹn. Bí ẹ bá dé Ìtòkú, láàárín àwọn aláàdìrẹ, tí ẹ sì ní sódà lẹ fẹ́, sódà aláró ni wọ́n máa wọ̀n fún yín, èyí tó ń bó èèyàn lára. Bí ó bá kù díẹ̀ sínú aṣọ tí ẹ máa wọ̀ mọ́ra, ara yín ló máa jó. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èlò kéèkì ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀: "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Báákìn sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ni mo fẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ma." Báákìn páúdà kò lè dípò rẹ̀, torí pé wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Kánún náà kò lè dípò rẹ̀: ó le jù, ó sì máa ń ní yanrìn nínú.

Ẹ gbé Jik, tíńnà, pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti ọṣẹ ìfọ̀ṣọ tó le jìnnà sí ibi iṣẹ́ yìí. Kànìnkànìn náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ gíláàsì, á ha á.

Ìpele 1: Omi tí ẹ máa fi fọ̀ ọ́

Ẹ̀yin tó ń lọ mòòkùn lókun ní Èkó, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Bí omi yẹn bá gbẹ sára ohun èlò, iyọ̀ á di kóró-kóró líle, á há sábẹ́ bọ́tìnnì, á há sáàárín eyín síìpù, á sì máa ha rọ́bà nígbàkúùgbà tí nǹkan bá mira. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á ju gbogbo rẹ̀ sínú búùtù mọ́tò pé òun máa fọ̀ ọ́ tí òun bá délé. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Sango nìkan tó láti gbẹ ẹ́ pátápátá. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì dání láti ilé, kí ẹ dà á lé wọn lórí níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kó wọn ní tútù sínú ike olómorí, kí omi má lè gbẹ lára wọn títí ẹ ó fi délé.

Odò Ògùn kò ní iyọ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti yanrìn kíkúná rẹ̀ ń wọ gbogbo ihò. Ẹ kọ́kọ́ ṣan ẹrẹ̀ kúrò pẹ̀lú omi tó ń ṣàn kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ báàfù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ẹrẹ̀ kan náà ni ẹ máa rẹ gbogbo rẹ̀ sí.

Ti adágún Ọ̀yán yàtọ̀. Atọ̀sí ajá wà láwọn abúlé etí adágún yẹn, inú omi ni kòkòrò rẹ̀ sì ti ń gba awọ ara wọlé, láti ara ìgbín kékeré tó ń gbé inú omi. Ẹ má fi omi adágún náà fọ ohun èlò yín, kódà bó bá mọ́ lójú. Omi tó bá ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó dé fún ọjọ́ méjì, tí kò sí ìgbín nínú rẹ̀, ni kí ẹ lò, torí kòkòrò yẹn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé bí kò bá rí ara èèyàn wọ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo nǹkan gbẹ dé inú kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ti mòòkùn níbẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, kódà bí ara yín bá le.

Omi kànga àti bọ́ọ̀hóòlù wa kò rí bákan náà ládùúgbò gbogbo, nítorí àpáta tó wà nísàlẹ̀. Ẹ dán tiyín wò báyìí: ẹ kán ẹ̀kán omi kan sórí gíláàsì tó mọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ. Bí àmì funfun roboto bá kù síbẹ̀, omi yẹn ní nǹkan nínú tó máa lẹ̀ mọ́ ohun èlò yín. Ẹ fi ṣe ìfọ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ fi omi òjò ṣe ìṣanlẹ̀ ìkẹyìn. Ẹ má gbe òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ o, eruku orí páànù ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọ òrùlé ná.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́:* ẹ fi ahọ́n tọ́ omi tó ń kán láti ara bẹ́líìtì tàbí okùn wò, bó bá jẹ́ òkun lẹ ti ń bọ̀. Bí iyọ̀ bá ṣì wà lẹ́nu yín, ẹ pààrọ̀ omi báàfù, kí ẹ tún un rẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ọ̀yán tàbí Odò Ògùn bọ̀, ẹ má tọ́ ọ wò rárá. Ojú ni kí ẹ fi wo omi báàfù bóyá ó ti ń mọ́ gaara.

Ìpele 2: Máàsìkì

Máàsìkì tuntun ló ń fa omijé jù. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni ọ̀rá sìlíkónì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀, ojú kì í rí i. Títí tí ẹ ò bá bó o kúrò, kò sí oògùn kùrukùru tó máa ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù lọ́jà.

1. Ẹ kọ́kọ́ ka páálí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé wọ́n ti fi nǹkan kun inú gíláàsì rẹ̀ nítorí kùrukùru, tàbí pé ike ni ojú rẹ̀, ẹ fò ìpele ọṣẹ ìfọyín yìí. Á ha á.
2. Ẹ fún ọṣẹ ìfọyín funfun tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sí inú gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ní gbígbẹ. Ìka ni kí ẹ fi rá a yípo fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ẹ máa dé igun ibi tí gíláàsì ti pàdé etí sìlíkónì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, ibẹ̀ náà sì ni kùrukùru ti ń bẹ̀rẹ̀.
3. Ẹ ṣàn án, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sábà máa ń tó.
4. Ẹ fi ṣanpúù ọmọdé fọ gbogbo rẹ̀, títí kan etí sìlíkónì, kí adùn ọṣẹ ìfọyín lè kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi iná láítà jó inú gíláàsì dípò èyí. Ó lè ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n mi ò gbà á nímọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni: iná tó bá yà díẹ̀ á jó etí sìlíkónì, máàsìkì náà á sì máa gba omi wọlé títí láé.

Fún ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sómi gan-an, ẹ po ìwọ̀n ṣanpúù ọmọdé kan mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́ta nínú ìgò ìfọ́nmi. Ẹ fọ́n ọn sí gíláàsì ní gbígbẹ, kí ẹ fi ìka rá a, kí ẹ wá rì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó gbé e wọ̀. Bí ẹ bá ṣàn án títí tí kò fi yọ̀ mọ́, ẹ ti ṣan oògùn náà dànù. Itọ́ ẹnu náà ń ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọṣẹ ìfọbọ́ àti ọṣẹ dúdú kò yẹ níbí, nítorí pé wọ́n á ta yín lójú, ẹni tí ojú ń ta lábẹ́ omi kò sì ní ibi tó fẹ́ nù ún sí.

*Àyẹ̀wò:* ẹ da omi díẹ̀ sínú gíláàsì tí ẹ fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì ṣàn lọ geere, ọ̀rá ti kúrò. Bó bá ń ṣùjọ ní kóró-kóró, ẹ padà sí nọ́ńbà 2.

Ìpele 3: Aṣọ rọ́bà

Kì í ṣe ohun ìtìjú, ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ ló ń tọ̀ sínú aṣọ rọ́bà yìí, ìyẹn wetsuit. Kòkòrò tín-tìn-tín ló ń sọ ìtọ̀ náà di òórùn amóníà tó ń ta imú. Fínígà ló ń pa amóníà lẹ́nu mọ́, nítorí pé ásíìdì ni. Òórùn òógùn tó kan ńkọ́? Báákìn sódà ló mọ ìyẹn. Èyí tó ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀ sínú báàfù kan, wọ́n á rí i tó ń hó yàà, wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n ń pa agbára ara wọn. Ohun tó kù nínú báàfù lẹ́yìn híhó yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju omi lásán lọ.

1. Ẹ yí aṣọ náà sódì, kí inú rẹ̀ wá síta.
2. Ẹ bu lítà omi 20 sínú báàfù. Omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, omi gbígbóná máa ń ba rọ́bà yẹn jẹ́. Ẹ da ìdérí ìgò ṣanpúù ọmọdé kan sí i, kí ẹ rẹ aṣọ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ léraléra. Ẹ ṣàn án.
3. Bí ìtọ̀ ló ń rùn: ẹ da ife fínígà kan sínú lítà omi 20 mìíràn, kí ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ ṣàn án dáadáa.
4. Bí òórùn kíkan bá ṣì kù: omi tuntun, ààbọ̀ ife báákìn sódà, ìṣẹ́jú 30 mìíràn. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì.
5. Bí aṣọ náà bá ti ń le, ẹ po ṣíbí ìmu-ọbẹ̀ kan kọndíṣọ́nà irun mọ́ omi ìkẹyìn. Á rọ̀, á sì rọrùn láti wọ̀. Kò lè dí ojú ibi tó ti sán o, ibi tó bá ti sán nílò gúlúù tirẹ̀.

Ẹ má lọ́ ọ kí omi lè jáde, bí a ti ń ṣe fún aṣọ àdìrẹ, nítorí ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rọ́bà yẹn ló ń mú kó gbóná lára, lílọ́ sì ń fọ́ wọn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ omi jáde láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìfọṣọ fọ̀ ọ́. Jik ńkọ́? Ó ń jẹ rọ́bà, ó ń jẹ òwú tí wọ́n fi rán an, ohun tó ń mú kó pa kòkòrò náà ló ń mú kó pa aṣọ. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ẹ ṣan aṣọ tí ẹ wọ̀ nínú odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, torí kílórínì wà nínú omi ibẹ̀.

Ẹ sá a síbi ìbòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ ká a ní ìbàdí sórí páìpù tàbí igi tó nípọn. Hángà wáyà tín-ínrín á ya èjìká rẹ̀, oòrùn ọ̀sán Abẹ́òkúta á sì mú kó gan kó sì là. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí inú gbẹ, kí ẹ tó yí i padà kí ẹ̀yìn gbẹ.

*Àyẹ̀wò:* nígbà tó bá fẹ́ gbẹ tán, ẹ gbóòórùn abẹ́ apá àti ojú abẹ́ rẹ̀. Òórùn tó bá sá pa mọ́ nígbà tó tutù ṣinṣin máa ń jáde lásìkò yẹn. Bó bá ṣì wà, ẹ tún ti fínígà ṣe.

Ìpele 4: Síìpù

Èyí yá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ìdajì fínígà tí ẹ pò mọ́ ìdajì omi fọ eyín síìpù onírin títí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ yóò fi kúrò. Ẹ ṣàn án, kó gbẹ. Ẹ fi àbẹ́là ra ẹ̀yìn àti inú eyín náà, kí ẹ wá fà á lọ fà á bọ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ sì gbọn èérún ìda dànù. Síìpù oníke kò fẹ́ ju kí ó mọ́ lọ. Bó bá ṣì ń le, ìda díẹ̀ sára ibi tó ń rìn tó.

Ẹni tó bá fi òróró tàbí WD-40, epo tí à ń fọ́n sí irin tó gan, sí i máa rí i pé ó yọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Yanrìn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á lẹ̀ mọ́ òróró náà, á sì jẹ eyín síìpù tán. Wọ́n tún lè tú gúlúù tó so síìpù mọ́ aṣọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ìka méjì péré fà á. Bó bá lọ láìdúró, ó ti tó.

Ìpele 5: Jákẹ́ẹ̀tì BCD

BCD ni jákẹ́ẹ̀tì tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí kó lè gbé wa léfòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń fọ̀, inú rẹ̀ sì ni omi òkun ń sùn sí. Ẹ fi omi tó mọ́ sí i láti ẹnu páìpù tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí, kí ẹ di bọ́tìnnì rẹ̀ mú, títí tí yóò fi kún dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, kí ẹ gbọ̀n ọ́n sí gbogbo ọ̀nà, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò kí omi jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán.

Bí bọ́tìnnì ìfẹ́ bá ń há, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá kọ̀, ìdajì fínígà ìdajì omi nínú ife kan, kí ẹ ti orí bọ́tìnnì náà nìkan bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ ṣàn án gan-an. Fínígà tó bá pẹ́ lára irin dídán á bó dídán rẹ̀. Bó bá tún ń há lẹ́yìn èyí, ẹ dúró, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bọ́tìnnì tó há lábẹ́ omi á máa fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì láìdáwọ́ dúró, á gbé yín sókè lójijì, ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá di èémí mú sì lè ya.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fẹ́ ẹ kó le, kí ẹ da ìfófò ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀, bí fọ́kánáísà ṣe ń wá ibi tí táyà ti ń yọ. Bí kò bá hó, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Ó gbọ́dọ̀ ṣì le ní òwúrọ̀.

Ìpele 6: Regulator, àti ibi tí ohun ilé ìdáná parí sí

Regulator ni ẹ̀rọ tó ń gbé atẹ́gùn láti inú sìlíńdà wá sẹ́nu yín. Ìta rẹ̀ nìkan ni tiwa.

Ẹ nu ìdérí ẹnu rẹ̀ gbẹ, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ tó jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ ṣàn án lábẹ́ omi tó ń rọra ṣàn. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì iwájú rẹ̀ nígbà tó wà nínú omi tí kò sì sí lórí sìlíńdà tó ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, omi á gba inú okùn rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ lọ, ibẹ̀ ni ìpata ti ń bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ohun tí à ń gé eyín mọ́ ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kejì àti ṣanpúù ọmọdé fọ̀, tinú tòde.

Fasilíìnì kò gbọdọ̀ wọ inú ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ni òróró àti epo ẹ́ńjìnnì. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ atẹ́gùn inú sìlíńdà tó kún máa ń tó nǹkan bíi 200 bar. Ọ̀rá tó bá pàdé ọ́síjìn tó pọ̀ ní irú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbiná, pàápàá fún àwọn tó ń lo atẹ́gùn tí wọ́n fi ọ́síjìn kún. Epo tó sì wọ èémí yín kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́. Bí regulator bá ń jò, tó bá ń le láti mí, tàbí tó bá ń hó fúnra rẹ̀, ilé onímọ̀ rẹ̀ ló ń lọ.

Gíríìsì sìlíkónì tí ẹ rà, O-ring tọ́ọ̀ṣì ló wà fún, ìyẹn rọ́bà roboto tó ń dí ojú ìdérí rẹ̀ kí omi má wọlé. Ẹ fi igun káàdì ATM àtijọ́ yọ O-ring náà, ẹ má fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Ẹ nù ún, ẹ wá irun tàbí yanrìn lára rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi gíríìsì tó kàn jẹ́ kó dán rá a. Gíríìsì tó pọ̀ ń kó yanrìn jọ. Ti àpótí kámẹ́rà, ẹ lo èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i, nítorí pé O-ring mìíràn jẹ́ sìlíkónì fúnra rẹ̀, gíríìsì sìlíkónì á sì mú kó wú.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi tíṣù gbígbẹ sínú àpótí kámẹ́rà òfìfo, ẹ dé e, ẹ fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ garawa omi fún ìdajì wákàtí. Tíṣù gbọ́dọ̀ jáde ní gbígbẹ.

Ìpele 7: Ibi ìpamọ́

Ẹ má ti máàsìkì sìlíkónì tó mọ́ gaara mọ́ rọ́bà dúdú, dúdú rẹ̀ á ràn án, kò sì ní kúrò mọ́. Bàtà ìwẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Bí ẹ bá gbé e nàró sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, á tẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì, ẹ fi atẹ́gùn díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí inú rẹ̀ má lẹ̀ pọ̀.

Aáyán fẹ́ràn láti wọ inú regulator, torí pé ó ṣókùnkùn, ó sì ní òórùn ẹnu. Ẹ má torí ìyẹn ju káńfọ̀ sínú báàgì, ẹ ó máa mí òórùn rẹ̀ lábẹ́ omi. Ike ńlá olómorí tó dé pinpin ló yanjú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa omi tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Ẹ má gbé ike náà sínú mọ́tò tàbí sábẹ́ páànù tí oòrùn ń gbóná.

Sìlíńdà kò sí nínú iṣẹ́ ilé rárá, bí ẹ bá ti ṣan ìta rẹ̀ ẹ ti parí tiyín. Ẹ má lò ó kó gbẹ tán, nítorí omi á gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń yẹ inú rẹ̀ wò lọ́dọọdún, wọ́n sì ń dán agbára rẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí déètì tó wà lára tiyín bá ti kọjá ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kún un.

*Àyẹ̀wò:* lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa lọ sómi, ẹ ṣí ike náà. Ẹ fa síìpù, ẹ fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ẹnu regulator pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì bóyá aáyán ti wọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ etí máàsìkì mọ́ ojú láìfi okùn rẹ̀ dè, kí ẹ fi imú fà á díẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí kò já bọ́, ẹ gbé e sínú báàgì.